Kábúrétọ̀ ló ń ṣàìsàn, táímìn ni wọ́n ń fún lóògùn: ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ẹja kan láti Ìwòpín

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì yìí sílẹ̀ nígbà tí òórùn epo ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, torí tó bá fi máa tó oṣù díẹ̀ sí i mo lè ti gbàgbé àwọn nọ́ńbà tí mo bá lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú nǹkan tó ṣe é yìí, mo ti rí i tó ba ẹ́ńjìnì tó pọ̀ jẹ́ lójú ọ̀sà wa, tí wọ́n á sì máa sọ pé ẹ́ńjìnì yẹn ò dáa látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe. Ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí, ọkọ̀ ẹja ni, pákó ni wọ́n fi kàn án, Ìwòpín ló ti ń kó ẹja wá sí Ọjà Olúwo láàárọ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja ló ni ín, ẹ̀gbọ́n kan ló ń wà á fún wọn. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 40, tù-sítírókù, sìlíńdà méjì tó gun ara wọn, kábúrétọ̀ méjì (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), ti òkè ní tiẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ní tiẹ̀. Okùn la fi ń fà á. CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí pílọ́ọ̀gì, ló ń ṣe iná ẹ̀, kò ní pọ́íńtì bíi tàtijọ́. Inú epo la ń po ọ́ìlì ẹ̀ mọ́, kò ní tánkì ọ́ìlì lọ́tọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Ẹ̀gbọ́n tó ń wà á ló kọ́kọ́ wá, kò tíì gbé ẹ́ńjìnì dání, ó kàn wá ṣàlàyé ni. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ jàre, torí ẹni tó ń jókòó ti ẹ́ńjìnì lójoojúmọ́ ti gbọ́ nǹkan tí èmi ò lè gbọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní tí òun bá fa okùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ó ti sítáàtì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìdúró, tí òun bá ń rọra lọ létí omi kò sí wàhálà kankan, àmọ́ tó bá ti di pé kí ọkọ̀ gbé imú sókè kó sáré, ńṣe ló máa ṣe hùùù, agbára á lọ sílẹ̀, á wúkọ́ látẹnu kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí òun ò bá sì tètè dín in kù ó máa kú ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, látìgbà wo?" Ó ní ara màmá ò yá, ọkọ̀ dúró sílẹ̀ fún bí oṣù méjì, ìgbà tí àwọn tún gbé e jáde ló bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe tó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mo máa ń fa ṣóòkù díẹ̀, á tún gbéra."

Gbólóhùn yẹn nìkan, ìdajì iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná, tí wọ́n bá fa ṣóòkù fún un, ó yẹ kó wúwo, kó máa rú èéfín, kó fẹ́ kú, torí epo ti pọ̀ jù fún un. Tó bá wá jẹ́ pé ńṣe ni ara ẹ̀ yá, a jẹ́ pé ebi epo ló ń pa á tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti kọ́kọ́ gbé e fún mẹkáníìkì kan nítòsí ọ̀dọ̀ wọn, onítọ̀hún pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì méjèèjì, kò yí padà, ló bá ní táímìn, ìyẹn àkókò tí pílọ́ọ̀gì ń ṣáná, ló ti lọ sẹ́yìn, ó tú nǹkan kan lábẹ́ fúláíwíìlì, irin róbótó ńlá tó ń yí lórí ẹ́ńjìnì, ó fà á síwájú, lóòótọ́ sì ni, ẹ́ńjìnì yá gágá fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá ni okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá fẹ́ sítáàtì. Ó nawọ́ sí mi, awọ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ẹ̀ ti bó, ó pọ́n. Ó tún ní tí ẹja bá pọ̀ nínú ọkọ̀, òun ń gbọ́ ko-ko-ko-ko nínú ẹ́ńjìnì, bí ẹni tó ń fi ṣíbí lu abọ́ táńganran. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́, kódà ẹ má wà á wá, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ ẹlòmíì wá fún mi. Ó rò pé mo ń dẹ́rù ba òun ni, àmọ́ ó gbọ́.

Kí n tó sọ nǹkan tí mo bá, ẹ jẹ́ n sọ bí nǹkan méjèèjì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí awakọ̀ tó bá mọ̀ ọ́n, mẹkáníìkì ò lè fi ìwọ̀nba owó ẹja ẹ̀ ṣeré.

Ẹ ti rí ibi tí odò ti há rí? Omi tó ń rọra lọ ní gbangba, tó bá dé ibi tó há yẹn ńṣe ló máa sáré. Afẹ́fẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun kábúrétọ̀ fẹ̀ lẹ́nu, ó há láàárín, ó tún fẹ̀ lẹ́yìn, venturi ni wọ́n ń pe ibi tó há yẹn, orúkọ ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan tó kú ní 1822 ni. Tí afẹ́fẹ́ bá ń sáré kọjá níbẹ̀, agbára tó fi ń tẹ nǹkan máa ń dín kù. Epo sì wà nínú abọ́ kékeré kan lábẹ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ ayé tí gbogbo wa ń mí yìí gba ihò kan wọlé, ó tẹ orí epo yẹn mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ní ẹni tó ń tì í, òkè ò ní ẹni tó ń dá a dúró, epo á gòkè gba jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ní ihò tóóró, á tú sínú afẹ́fẹ́ tó ń kọjá bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ omi lẹ́nu sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń fa epo, òótọ́ ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ló ń ti epo. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń kú láàárín omi tí awakọ̀ bá gbàgbé láti tú ihò orí ìdérí tánkì, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa rọ́pò epo tó ń jáde, epo ò ní lè wá. Ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n, ó ní títú ló máa ń wà.

Inú abọ́ yẹn, fílóòtì wà níbẹ̀, ó ń léfòó bíi bọ́ọ̀lù inú tánkì omi ilé, tí epo bá kún tó, á ti abẹ́rẹ́ sókè á pa ẹnu ọ̀nà dé. Láti inú abọ́, ọ̀nà méjì ni epo máa gbà jáde, ẹ dákun ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ọ̀nà kékeré wà fún ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró tàbí tó ń rọra lọ. Ọ̀nà ńlá, ìyẹn méènì jẹ́ẹ̀tì, ni tó ń bọ́ ọ nígbà tí tírótù, ìyẹn ilẹ̀kùn inú kábúrétọ̀ tí awakọ̀ ń ṣí tó bá fẹ́ sáré, bá ṣí gbayawu. Ẹ́ńjìnì lè wá máa ṣe dáadáa lórí ìdúró kó sì máa kú tó bá fẹ́ sáré, torí ọ̀nà kan mọ́, èkejì dí.

Pẹtiróòlù kílò kan máa ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó lè jó tán. Tí ẹrù bá wà lọ́kọ̀ tí tírótù sì ṣí pátá, ẹ́ńjìnì máa ń fẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, bíi 12 tàbí 13 afẹ́fẹ́ sí epo kan, ibẹ̀ ni agbára wà, ibẹ̀ náà ni ara ti máa ń tù ú. Tù-sítírókù tún wá ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ́ìlì inú epo ló ń fi pa ara, a ń po lítà ọ́ìlì kan mọ́ àádọ́ta lítà epo fún irú ẹ̀, tí epo ò bá wá tó, ọ́ìlì náà ò tó nìyẹn, òùngbẹ àti ebi ń pa á pọ̀. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó epo fò lọ sókè, mo ti rí àwọn tó ń dín ọ́ìlì kù kí ìnáwó lè fúyẹ́, owó písítìn ni wọ́n ń fi ìyẹn kó jọ.

Táímìn ńkọ́? Iná pílọ́ọ̀gì ò ń jó gbogbo epo inú sìlíńdà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná oko ló rí, ó máa mú níbì kan, á wá máa ràn lọ. Ohun tí a sì ń wá ni pé kí agbára iná yẹn pọ̀ jù lọ nígbà tí písítìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lókè pátápátá tó ti ń kọjú sísàlẹ̀, kó lè tì í lọ. Torí náà a gbọ́dọ̀ ti ṣáná kí písítìn tó dókè. Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ yá tó? Ẹ́ńjìnì tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, bí 900, ìyípo ẹ̀ kan ń gba ìdá 67 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Tó bá ń yí 5,000, ìdá 12 péré ni. Iná ò ní sáré tó ìyẹn fúnra ẹ̀, àwa la máa tètè ṣá a. Ìdí nìyẹn tí irin pẹlẹbẹ tó gbé kọ́ìlì kékeré tó ń pe CDI, èyí tó wà lábẹ́ fúláíwíìlì, fi máa ń yí tí tírótù bá ń ṣí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀, bí kábúrétọ̀ ṣe ń ṣí ni táímìn ń lọ síwájú.

Tó bá yá jù ńkọ́? Ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan, tí ọ̀kan bá sọ ọmọ odó sílẹ̀ kí tèkejì tó gòkè tán, ọmọ odó á kọlu ara wọn, apá á dun àwọn méjèèjì. Písítìn ṣì ń gòkè bọ̀, iná ti ń tì í sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń fa okùn, tí ẹ́ńjìnì ò tíì ní agbára, iná yẹn á borí, á dá fúláíwíìlì padà sẹ́yìn, ohun tó bó ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ lórí eré pẹ̀lú ẹrù, ìyókù epo tí iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á há, á gbóná, á bú gbàmù fúnra ẹ̀, ko-ko-ko tí ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ nìyẹn. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ ní bíi 660 dígírì, iná inú sìlíńdà sì ju 2,000 lọ, ohun tí kì í jẹ́ kí písítìn yọ́ ni afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bò ó lórí tí kò gbóná tó ìyẹn, àti ara sìlíńdà tí omi ń tù. Bíbú gbàmù yẹn ló máa ń gbá afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kúrò. Mo ti yọ písítìn tí ihò tó gba àtàǹpàkò wà láàárín orí ẹ̀.

Ó ku bí títi táímìn síwájú ṣe wá mú kó yá fún ọjọ́ mẹ́ta, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń tan èèyàn jẹ, èmi náà ló tàn jẹ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Epo tó kéré nínú afẹ́fẹ́, iná ẹ̀ kì í yára ràn. Ẹ to igi ìdáná jìnnà síra wọn kẹ́ ẹ wò ó. Tí iná bá ń falẹ̀, tí ẹ wá tètè ṣá a, ó máa ráyè jó dé ibi tó yẹ, agbára á pọ̀ sí i díẹ̀ lóòótọ́. Mẹkáníìkì yẹn ò purọ́ fún wọn, ó rí i pé ó yá. Àmọ́ ebi ṣì ń pa ẹ́ńjìnì, ńṣe ló kàn fún ẹni tí ebi ń pa ní ẹgba kó lè sáré. Sìlíńdà kejì tí ebi ò pa rárá, tí epo ẹ̀ pé, wọ́n tún ti táímìn tiẹ̀ síwájú mọ́ ọn, torí irin kan náà ló gbé ti àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, n kò fọwọ́ kan kábúrétọ̀, n kò fọwọ́ kan táímìn. Mo wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, 116 psi lókè, 112 nísàlẹ̀, ó dáa, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ pé ríǹgì písítìn ò tíì lọ. Mo wo iná, méjèèjì ń fò, ó búlúù, ó le. Mo tú pílọ́ọ̀gì sórí pákó, mo gbé ti òkè sápá ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ sápá òsì. Ti òkè, àwọ̀ ẹ̀pà yíyan ló ní, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ funfun bí eérú igi, kò sí ọ́ìlì kankan lára ẹ̀, etí irin ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Mo mú awò tí mo fi ń wo jẹ́ẹ̀tì, mo fi wo táńganran wọn. Àwọn ẹyọ kéékèèké kan wà lára ti ìsàlẹ̀, wọ́n ń dán yinrin, bí ìgbà tí wọ́n wọ́n ata gígún tó ń tàn sí i. Mo wo ti òkè tí àwọ̀ ẹ̀ dáa, mo rí ẹyọ mẹ́ta níbẹ̀ náà. Alumíníọ̀mù ni. Ara písítìn ló ti ń fò wá síbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n jẹ́ kóun wò ó, ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀.

Pílọ́ọ̀gì funfun kan, pupa kan, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Tó bá jẹ́ tánkì ni, tàbí họ́ọ̀sì, tàbí pọ́ǹpù epo, kábúrétọ̀ méjèèjì ló ń mu nínú ẹ̀, méjèèjì ni ìbá funfun. Mo ṣì so ó sínú dúrọ́ọ̀mù omi, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ máa tẹ bọ́ọ̀lù họ́ọ̀sì bí mo ṣe ń ṣí tírótù díẹ̀díẹ̀, kò yí nǹkan padà, pọ́ǹpù bọ́ nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé nídìí kábúrétọ̀ náà lè sọ pílọ́ọ̀gì di funfun, àmọ́ ìyẹn máa ń da ẹ́ńjìnì láàmú jù lórí ìdúró, tiwa sì dúró jẹ́jẹ́ bí aago. Omi tó ń tù ú náà ń jáde dáadáa, ewé orí omi ò dí ẹnu ibi tó ń gbà wọlé. Gbogbo ẹ̀ wá kù sórí ọ̀nà ńlá kábúrétọ̀ ìsàlẹ̀.

Mo tú u. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, òórùn epo tó ti kan, ó dà bíi ti fáníìṣì àwọn kápẹ́ńtà. Ìdí abọ́ ẹ̀ ní nǹkan kan tó lẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó ki bí oyin tó ti gbẹ, àwọn ẹyọ funfun tó rí bí iyọ̀ sì wà létí ẹ̀ níbi tí omi ti jókòó sí. Oṣù méjì tí ọkọ̀ fi dúró nìyẹn, epo fò lọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó wúwo nínú ẹ̀ kù sílẹ̀. Ti òkè ní díẹ̀, kò tó ìyẹn. Mo yọ méènì jẹ́ẹ̀tì méjèèjì, mo gbé wọn sójú oòrùn. Ti òkè, ìmọ́lẹ̀ kọjá níbẹ̀ róbótó. Ti ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rí bí ojú ẹni tó fẹ́ sùn. Mo mú àwọn bíìtì dírìlì kékeré mi, ìdí wọn o, kì í ṣe ẹnu wọn, mo rọra fi wọ́n wọ̀n ọ́n: 1.4 mílímítà wọ ti òkè, 1.0 nìkan ló wọ ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wò ó máa ní kí ni 0.4 mílímítà já mọ́, àmọ́ ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀. Fífẹ̀ ihò, ìlọ́po ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ohun tó lè kọjá. 1.4 lọ́nà 1.4 jẹ́ 1.96. 1.0 lọ́nà 1.0 jẹ́ 1. Ìdajì ọ̀nà epo ti dí.

N kì í fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbà mí gbọ́ níbí yìí. Búráàsì ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀, wáyà á fẹ ihò ẹ̀ tàbí kó fà á ya, ẹ ò ní fojú rí i, ẹ́ńjìnì á máa mu epo lámujù títí ayé ẹ̀. Mo rì wọ́n sínú nǹkan tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ di ọjọ́ kejì, mo wá mú okùn ìwọ̀ ẹja, èyí tó jẹ́ ọ̀rá, tí gbogbo wa ní nílé, mo ń fà á lọ fà á bọ̀ nínú ihò náà, mo fi afẹ́fẹ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. 1.4 wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fẹ́ gbogbo ihò tó wà lára kábúrétọ̀ fúnra ẹ̀ náà, mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ fílóòtì, mo wọn gíga fílóòtì, méjèèjì bára mu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kọjú sí táímìn. Àmì wà lórí fúláíwíìlì, irin ṣóńṣó kan sì wà tó ń nawọ́ sí i, àmọ́ irin yẹn ṣeé tú, ẹnikẹ́ni lè ti sún un, torí náà kí n tó gbà á gbọ́ mo kọ́kọ́ bi písítìn léèrè. Mo ki gééjì oníwọ̀n sí ihò pílọ́ọ̀gì, mo rọra ń yí fúláíwíìlì títí ọwọ́ gééjì fi dúró, ibẹ̀ ni òkè pátápátá, mo wo irin ṣóńṣó, orí òdo gan-an ló wà. Ó dáa, ẹnì kankan ò sún un. Mo wá so pílọ́ọ̀gì méjèèjì mọ́ ara irin ẹ́ńjìnì kí CDI má baà bàjẹ́, mo so iná táímìn, iná ọwọ́ tó máa ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí pílọ́ọ̀gì bá ṣáná, mọ́ wáyà sìlíńdà àkọ́kọ́, mo fọwọ́ ti káàmù, irin tí tírótù fi ń ti ọ̀pá táímìn, dé òpin, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ máa fa okùn. Ìwé ẹ́ńjìnì náà sọ pé dígírì 22 kí písítìn tó dókè. Mo rí 29. Mo dá káàmù padà síbi ìdúró, ìwé ní dígírì 2 lẹ́yìn tó bá ti dókè tán. Mo rí 5 kó tó dókè. Méje níbi òpin, méje níbi ìdúró. Tó bá yàtọ̀ bákan náà níbi méjèèjì, ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n fà gùn. Mo tẹ̀ ba, mo wo ọ̀pá náà, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ibi tí nọ́ọ̀tì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ọ̀pá ń dán, ìyókù ti dúdú. Mo dá a padà sójú àmì tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, 22 níbi òpin, 2 níbi ìdúró.

Kábúrétọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, mo tú sìkúrù tó so wọ́n, mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn méjèèjì pa dé tán, mo dì í padà. Sìkúrù epo ìdúró, mo rọra tì í dé ìdí, mo dá a padà ní ìyípo kan àti ààbọ̀, mo wá fetí tún un ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù. Èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkẹyìn, ẹni tó bá fi bẹ̀rẹ̀ máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ písítìn dá mi lọ́wọ́ kọ́. Mo fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ fóònù wo inú sìlíńdà ìsàlẹ̀, mo rí ojú ihò kéékèèké bíi mẹ́ta létí orí písítìn, bí ibi tí kòkòrò ti jẹ ewé. Mo pe ìyá ẹlẹ́ja náà, mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó máa gbé mi dé ìparí ọdún?" Mo ní, "Ẹ̀yin màmá, kọ̀ǹpíréṣọ̀n ẹ̀ pé, ihò yẹn ò jìn, n ò ní gba owó písítìn lọ́wọ́ yín lónìí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ n tún wò ó lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí àádọ́ta." Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

A gbé e lọ sójú ọ̀sà láàárọ̀ kùtù, afẹ́fẹ́ ò tíì dé, a kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ kó lè wúwo bí ọjọ́ ọjà. Ẹ̀gbọ́n ló wà á, èmi jókòó ti ẹ́ńjìnì, etí mi lára ẹ̀. Ó ṣí tírótù, ọkọ̀ gbé imú, ó gùn orí omi, kò wúkọ́, kò ṣe hùùù. Ìyípo 5,100 ní ìṣẹ́jú kan ni mo kà, ìwé ní kó wà láàárín 4,500 sí 5,500. Ó sá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tẹ́tí sí ko-ko-ko yẹn, n kò gbọ́ ọ. Mo ní kó pa á lórí eré gan-an, kó má dín in kù, torí tí ẹ bá jẹ́ kó kọ́kọ́ sinmi, pílọ́ọ̀gì á pa ẹ̀rí dà. Ọkọ̀ ń fì lórí omi, a tú pílọ́ọ̀gì méjèèjì níbẹ̀, mo fi aṣọ dì wọ́n mú, wọ́n gbóná. Ẹ̀pà yíyan, ẹ̀pà yíyan.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ ṣe é wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ló mú un wá. Mo sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bò pé ohun tó ṣe ò dáa, pé ọjọ́ tó máa fi kù kí písítìn yẹn lu ò pọ̀, ká ní àárín ọ̀sà ló ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú èèyàn nínú ọkọ̀ ńkọ́. Ó ní etí lòun fi ń ṣe táímìn, pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, òun ò ní iná táímìn rí. Mo gbé tèmi fún un, mo fa ọ̀pá yẹn gùn padà síbi tó fà á sí, mo ní kó tan iná sí i fúnra ẹ̀ kí n máa fa okùn. Ó wò ó, ó rí 29. Ó ní kí n tún un fà. Mo tún un fà. Ó ní, "Ọ̀gá, mo rò pé bíi dígírì méjì péré ni mo fi kún un." A jọ dá a padà sí 22, òun ló di nọ́ọ̀tì náà. Ìgbà méjì ló ti wá yá iná yẹn látìgbà yẹn, mo sì ń yá a.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé tí ọkọ̀ bá máa dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó yọ họ́ọ̀sì epo, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀, epo inú abọ́ á tán nìyẹn, kò ní sí ohun tó máa dì níbẹ̀. Kó sì máa fi àrọ epo tó ní asẹ́ fẹ́lẹ́ sẹ́ epo inú kẹ́ẹ̀gì kó tó rọ ọ́ sí tánkì, torí mo rọ díẹ̀ nínú epo kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ sínú ìgò, tó fi máa di ọjọ́ kejì omi tó tó ìwọ̀n ìka kan ti jókòó sí ìdí ẹ̀.

Wọ́n gbé e padà wá bó ṣe yẹ, wákàtí ẹ̀ ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta. 116 lókè, 111 nísàlẹ̀. Mo ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́, ojú ihò mẹ́ta yẹn náà ni, kò di mẹ́rin, etí wọn ti dúdú pẹ̀lú èéfín, a jẹ́ pé ohunkóhun ò tún jẹ níbẹ̀ látìgbà yẹn. Pílọ́ọ̀gì méjèèjì ò ní ẹyọ kankan lára. Mo dá wọn padà, mo sún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n di okùn mú pẹ̀lú ọwọ́ tí awọ tuntun ti bò, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnì sítáàtì, okùn sì rọra ká padà sílé ẹ̀.